Òkè Tí A Fi Dátà Mọ: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Ń Kọ́ R

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ sìtátísíìkì, mo ti kíyè sí i pé àwòrán kan wà tó máa ń wù yín ju àwọn yòókù lọ: èyí tí dátà á ti ga sókè bí òkè, tí àfonífojì á wà láàrin rẹ̀, tí ẹ ó sì fi àwọ̀ mèremère kùn ún. Ìfojúdíwọ̀n dẹ́ńsítì ni, tí ẹ yà ní 3D. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ó wu èmi náà. Àmọ́ òkè yẹn kò sí níbì kankan kí ẹ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ yan bí yóò ṣe fẹ̀ tó, ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí yóò parí sí, ìhà tí a ó ti máa wò ó, àwọ̀ tí yóò wọ̀. Èyí tí ẹ kò bá sì yàn fúnra yín, ẹni tó kọ páákéèjì ti bá yín yàn án. Orí èyí ni gbogbo ìmọ̀ràn mi dá lé. R ni n ó fi ṣàlàyé, torí ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. N ó máa bá ẹnì kọ̀ọ̀kan yín sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun nìkan ló jókòó síwájú mi.

1. Ka ìtàn dátà kí o tó kọ kóòdù.

Dátà kan wà nínú R tó ń jẹ́ faithful. O kò ní í wá a lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí o bá ti tẹ orúkọ rẹ̀, á yọ. Old Faithful ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ìsun omi gbígbóná kan ní ọgbà Yellowstone ní ìpínlẹ̀ Wyoming, Amẹ́ríkà, tó máa ń tú omi sókè, tí á dákẹ́, tí á tún tú. Àwọn ikọ̀ Washburn tó rìnrìn àjò dé ibẹ̀ ní 1870 ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé kì í yẹ àdéhùn. Ìlà 272 ló wà nínú dátà náà, òpó méjì: iye ìṣẹ́jú tí omi fi tú, àti iye ìṣẹ́jú tí a fi dúró kó tó tún tú. Èyí tó kúrú jù tú fún ìṣẹ́jú 1.6, èyí tó gùn jù tú fún 5.1, ìdúró bẹ̀rẹ̀ láti 43, ó dé 96. Bí omi bá tú díẹ̀, ìdúró tó tẹ̀ lé e a kúrú. Bó bá tú pẹ́, a dúró pẹ́. Òkè méjì ló yẹ kó jáde nínú irú dátà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan fún èyí tó kúrú, ọ̀kan fún èyí tó gùn.

Tẹ àmì ìbéèrè, kí o kọ faithful tẹ̀ lé e, kí o sì ka ojú ìwé ìrànlọ́wọ́ tó bá jáde. Wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi wọn ìtújáde náà tẹ́lẹ̀, àti pé wọ́n ti sún un sí nọ́ńbà tó rọrùn, débi pé ìlọ́po márùn-ún pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ká ní kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló wọ̀n ọ́n. Ìbátan dátà yìí wà nínú páákéèjì MASS tí wọ́n máa ń gbé pọ̀ mọ́ R. Geyser ló ń jẹ́, ìlà 299, láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1985. Lóru, wọn kò wọn ìṣẹ́jú àwọn ìtújáde kan. Wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kúrú, ó mọ níwọ̀n, tàbí ó gùn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn di 2, 3 àti 4. Ya òkè dátà yẹn láìjẹ́ kó tẹ́ jù, wàá rí ògiri kan tó nà gbọọrọ lórí 4. Omi kọ́ ló mọ ògiri yẹn. Òru ló mọ ọ́n. Ẹni tí kò ka ojú ìwé ìrànlọ́wọ́ á dúró síwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀, á sì máa ṣàlàyé ògiri náà bí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ Wyoming.

2. Mọ ohun tí gíga òkè ń sọ.

Ronú ẹní ńlá kan tí a tẹ́ sílẹ̀, tí a sàmì sí ojú ibi 272 lórí rẹ̀. Da gaàrí sórí àmì kọ̀ọ̀kan, kí iye rẹ̀ dọ́gba. Níbi tí àmì ti sún mọ́ra, òkìtì á gun òkìtì, á ga. Níbi tí kò sí àmì, ẹní á hàn. Bí òkìtì kọ̀ọ̀kan ṣe rí ni wọ́n ń pè ní kernel, bó ṣe tàn ká tó sì ni bandwidth. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Murray Rosenblatt gbé e jáde ní 1956, Emanuel Parzen fẹ ìmọ̀ náà lójú sí i ní 1962, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi orúkọ Parzen pè é títí di òní.

Gbogbo gaàrí tó wà lórí ẹní, 1 ni àpapọ̀ rẹ̀. Nítorí náà gíga òkè ní ojú kan kì í ṣe ìṣeéṣe. Ó lè ju 1 lọ, kò sì sí ohun tó ṣe é. Yí ìdúró láti ìṣẹ́jú sí wákàtí, orí òkè rẹ á ga ní ìlọ́po 60, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀kán omi kan tó yí padà ní Yellowstone. Bí o bá fẹ́ ìṣeéṣe, sàmì sí àyíká kan nísàlẹ̀, kí o ṣírò ohun tó wà lábẹ́ òkè ní àyíká náà. Má jẹ́ kí n gbọ́ ọ kí o sọ pé ìṣeéṣe ibí yìí jẹ́ 0.02 torí pé ojú rẹ bá 0.02 pàdé lára òpó tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán.

3. Bandwidth ni ọ̀rọ̀ wà.

Ibí ni kí o ti fara balẹ̀ jù. Àṣẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ni kde2d, inú MASS ló wà, páákéèjì tí Venables àti Ripley ṣe ti ìwé wọn lẹ́yìn. Bí o kò bá fún kde2d ní h, ìyẹn bandwidth rẹ̀, òfin kan tó ń jẹ́ bandwidth.nrd ni yóò lọ bá. Òfin yẹn gbà pé òkè kan ṣoṣo ni dátà rẹ ní, òkè tó rí bíi ti Gauss. Faithful kò rí bẹ́ẹ̀. Àlàfo tó wà láàrin ẹgbẹ́ méjèèjì ló fẹ standard deviation ìtújáde dé 1.14, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ kò fẹ̀ tó ìdajì ìyẹn. Òfin kò mọ̀. Ohun tí wọ́n fún un ló lò. h tó ń jáde lé díẹ̀ ní 1.5 fún ìtújáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19 fún ìdúró. Ó pọ̀ jù. Òkè méjèèjì á tẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àfonífojì àárín wọn á kún.

Ohun mìíràn tún wà tó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kde2d máa ń fi 4 pín h kó tó lò ó. 1.5 tí mo dárúkọ yẹn, nǹkan bí 0.39 ni standard deviation òkìtì tó ń dà sílẹ̀ ní tòótọ́. Àwọn àṣẹ yòókù, bíi density tàbí bw.SJ tí a ṣe láti inú iṣẹ́ Sheather àti Jones ti 1991, standard deviation òkìtì gan-an ni wọ́n ń sọ. Bí o bá gba nọ́ńbà lọ́wọ́ bw.SJ, kí o fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀ kí o tó gbé e fún kde2d. Bí o bá gbàgbé, òkè ṣóńṣó ṣóńṣó ni yóò jáde, ṣóńṣó kan lórí àmì méjì, òmíràn lórí mẹ́ta, ìwọ á sì máa sọ fún ayé pé ẹgbẹ́ mẹ́jọ lo rí.

Kí wá ni kí o ṣe? Ya àwòrán mẹ́ta: ọ̀kan pẹ̀lú h tí o yàn, ọ̀kan pẹ̀lú ìdajì rẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú ìlọ́po méjì rẹ̀. Tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tó bá dúró nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ohun tó bá hàn nínú ẹyọ kan, pa á mọ́ra ná. Òkè méjì faithful máa ń dúró. Àwọn òkè kéékèèké tó ń yọ lára òkè ńlá bí h bá ti kéré, èmi kì í bá wọn ṣeré.

Kí o tún mọ̀ pé ìtàkùn kan náà kì í so èso kan náà lọ́wọ́ gbogbo páákéèjì. Òkìtì kde2d kì í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bá ìlà x àti ìlà y lọ gbọnrangandan. Nínú páákéèjì ks tí Tarn Duong kọ, àṣẹ Hpi á yan mátíríìsì odindi, òkìtì sì lè dagun. Bó bá jẹ́ Python lo ń lò, gaussian_kde inú scipy á tẹ òkìtì bí ìbáṣepọ̀ gbogbo dátà bá ṣe tẹ̀. Nínú faithful, 0.90 ni ìbáṣepọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ti ara àlàfo àárín ẹgbẹ́ méjèèjì wá, kì í ṣe láti inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òkìtì á wá tẹ̀ ju bí ẹgbẹ́ ti tẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí òkè tìrẹ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ bá yàtọ̀ lórí dátà kan náà, ẹ má bínú síra yín; ẹ bi ara yín léèrè bandwidth.

4. Ta àwọ̀n rẹ dáadáa.

Kde2d máa ń ta àwọ̀n sórí ilẹ̀ dátà, á sì wọn gíga ní kókó àwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí o kò bá sọ nǹkan kan, kókó 25 ní ìbú, 25 ní òró, 625 lápapọ̀. Ìyẹn kò tó láti fi yà á kó dán. Gbé n, ìyẹn iye kókó ní ìhà kọ̀ọ̀kan, lọ sí 60 tàbí 80. Bí o bá gbé e kọjá ìyẹn lọ sí 200, okùn àwọ̀n á pọ̀ débi pé òkè á dúdú kirikiri; kọ border = NA sínú persp, àṣẹ tó ń ya òkè, kí okùn parẹ́.

Ààlà ńkọ́? Bó ṣe wà láti ilé, ibi tí dátà rẹ parí sí ni kde2d ń dúró sí. Òkè kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán, ó ti gé e bí ẹni gé búrẹ́dì, ẹni tó ń wò ó á rí ògiri lẹ́bàá. Fún faithful, mo máa ń jẹ́ kí lims, ìyẹn ààlà àwọ̀n, lọ láti 0.5 dé 6 fún ìtújáde, àti láti 30 dé 110 fún ìdúró. Láti mọ̀ bóyá o ṣe é re, ṣe àròpọ̀ gbogbo z, ìyẹn gíga tí kde2d wọ̀n, kí o fi ìbú àti òró ojú àwọ̀n kan sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ohun tó jáde bá sún mọ́ 1, o ti gba gbogbo òkè sínú àwòrán. Bó bá jìn sí i, apá kan òkè wà níta.

5. Má ṣe da gaàrí kọjá òdo.

Owó oṣù, òjò, iye ọmọ: kò sí èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ju òdo lọ. Kernel kò mọ ìyẹn, á da díẹ̀ sí ìhà kejì. Bí kò bá sí òdo nínú dátà náà, ṣe é ní log kí o tó ṣírò, kí o sì kọ ọ́ sára àwòrán pé log ni.

6. Rìn yí òkè ká kí o tó ya fọ́tò.

Persp ni àṣẹ tó ń ya òkè nínú R láìsí páákéèjì mìíràn. Theta ló ń yí òkè sọ́tùn-ún sósì, phi ló ń gbé ojú wa ga tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí o kò bá sọ nǹkan kan, theta á jẹ́ 0, phi á jẹ́ 15: a wà nísàlẹ̀, a dojú kọ ọ́ gbọnrangandan. Ìhà tó burú jù nìyẹn fún dátà olókè méjì, torí èyí tó wà níwájú lè bo apá kan èyí tó wà lẹ́yìn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bẹ̀rẹ̀ láti theta 0, máa fi 30 kún un títí wàá fi yí i ká, kí o wo àwòrán méjìlá tó bá jáde kí o tó mú ọ̀kan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó wo òkè láti ìhà kan ṣoṣo kò sàn jù ú lọ. Phi tó wà láàrin 25 sí 40 ló máa ń tẹ́ mi lọ́rùn. Expand náà wà níbẹ̀: bí o bá fi 1 sílẹ̀, òkè á ga gogoro, 0.5 tàbí 0.6 á mú un balẹ̀. Ó ṣeé ṣe láti fi expand nìkan sọ ìyàtọ̀ kékeré di òkè ńlá, àwọn tó ń polówó ọjà sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa.

Má gbàgbé láti kọ ticktype = "detailed". Láìsí i, ọfà lásán ni persp máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́, kò ní í sí nọ́ńbà kan tí ènìyàn lè kà.

7. Bí o bá gbé e lọ sí plotly, yí z.

Persp3d inú rgl àti add_surface inú plotly máa ń jẹ́ kí a fi ọwọ́ yí òkè lójú kọ̀ǹpútà. Ó dára púpọ̀ fún ìwọ tí ò ń wá ohun tó fara sin. Ṣùgbọ́n nínú kde2d, ìlà mátíríìsì jẹ́ ti x; nínú plotly, ìlà jẹ́ ti y. O gbọ́dọ̀ fi àṣẹ t yí z padà kí o tó gbé e lọ. Ewu ibẹ̀ ni pé àwọ̀n rẹ dọ́gba ní ìbú àti ní òró, kò sí ẹ̀rọ tí yóò pariwo. Nínú faithful gan-an, òkè méjèèjì wà ní ìdagun, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan lókè, nítorí náà bí o bá pààrọ̀ x àti y, àwòrán á ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ òtítọ́. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ títí wàá fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Lo n méjì tí kò dọ́gba, 60 àti 40, nígbà tí o bá ń dán kóòdù wò. Àṣìṣe á fara hàn.

Fún ìdánwò kan náà, dátà volcano wúlò: ìlà 87, òpó 61, òkè Maunga Whau ní Auckland, New Zealand. Ross Ihaka, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá R sílẹ̀, ló fà á yọ láti inú máàpù. Bí o bá fi persp yà á, wàá rí i pé ó jọ òkè tìrẹ. Ìyàtọ̀ wọn ni pé òkè Auckland wà, ènìyàn lè gùn ún, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ sì jẹ́ gíga ilẹ̀ ní ojú kan. Síbẹ̀, ojú ìwé ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kìlọ̀ pé ká má kà á sí ohun tó péye. Bí ẹni tó ní òkè gidi bá lè ṣe irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀, mélòó mélòó ni ìwọ tó jẹ́ pé gaàrí lo dà?

8. Àwọ̀.

Kókó 25 lọ́nà 25 jẹ́ 625, ṣùgbọ́n ojú àwọ̀n tó wà láàrin wọn jẹ́ 24 lọ́nà 24, ìyẹn 576. Ojú àwọ̀n ni persp ń kùn, kì í ṣe kókó. Ẹni tó bá fún un ní àwọ̀ 625, àwọ̀ á máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ó ti ń lọ. Wá àròpín gíga kókó mẹ́rin tó yí ojú kọ̀ọ̀kan ká, kí o fi yan àwọ̀ rẹ̀.

Yẹra fún àwọ̀ òṣùmàrè. Matplotlib ti Python fúnra rẹ̀ pa jet, àwọ̀ òṣùmàrè tó ń lò tẹ́lẹ̀, tì ní 2017, ó sì gbé viridis sípò. R náà ní hcl.colors láti 2019. Iṣẹ́ àṣekágbá yín, dúdú àti funfun ni ọ̀pọ̀ yín máa ń tẹ̀ ẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Pupa orí òkè àti búlúù ìsàlẹ̀ jet, eérú kan náà ni wọ́n máa ń dà lórí ìwé. Viridis ń mọ́lẹ̀ sí i bó ti ń gòkè, kò sì pàdánù ìyẹn lórí ìwé eérú. Bí o bá ti lo àwọ̀ fún gíga, fi shade sílẹ̀. Òjìji á sọ àwọ̀ dúdú, òǹkàwé á sì ṣì í kà.

9. Fi àwòrán pẹlẹbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìdájọ́ mi nìyí, o lè jiyàn: bó bá jẹ́ ẹyọ àwòrán kan ni wọ́n gbà ọ́ láyè, gbé òkè jù sílẹ̀, kí o lo ìlà kọ́ńtọ̀ pẹ̀lú àmì dátà lórí rẹ̀. Òkè máa ń pe ènìyàn wá wò. Kọ́ńtọ̀ ni ènìyàn lè kà. Lórí kọ́ńtọ̀, mo lè fi ìka tọ́ka pé orí òkè kejì wà ní apá ìṣẹ́jú 80 ìdúró. Lórí òkè, mo kàn ń méfò ni. Geom_density_2d inú ggplot2 á yà á fún ọ, kde2d kan náà ló sì ń lò lábẹ́nú. Bó bá jẹ́ dandan kí ó jẹ́ òkè, persp máa ń dá mátíríìsì 4 lọ́nà 4 padà. Gbé e fún trans3d, wàá lè to àmì dátà sí ilẹ̀ òkè, kí ènìyàn rí ohun tí òkè dúró lé.

10. Má fi dátà kékeré mọ òkè ńlá.

Nínú ìwé rẹ̀ ti 1986, Silverman ṣe tábìlì kan. Ó béèrè pé àmì mélòó la nílò kí ìfojúdíwọ̀n tó péye dé ìwọ̀n kan ní àárín òkè Gauss, èyí tó rọrùn jù nínú òkè. Fún òpó kan, 4. Fún òpó méjì, 19. Fún òpó mẹ́wàá, 842,000. 19 yẹn, ojú kan ṣoṣo ni, lórí òkè tó rọrùn jù. Tí àmì rẹ bá jẹ́ 30, to àmì rẹ sórí ìwé, kí o lọ sùn.

11. Kọ gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àwòrán.

Orúkọ dátà, iye ìlà, páákéèjì àti ẹ̀dà rẹ̀, h méjèèjì, n, lims, theta, phi. Ìlà méjì péré ló máa gbà. Bí olùdarí iṣẹ́ rẹ bá ní kí o yọ ọ́ kúrò torí ó ń ba ẹwà àwòrán jẹ́, fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó wà. Bó bá kọ̀, gbé e sí ẹ̀yìn ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi òkè tí ẹlòmíràn kò lè tún mọ ránṣẹ́ sí mi mọ́.